Kò Sí Nínú Ulé Wa

Ní àárọ̀ Sátidé, tí mo bá ti gbálẹ̀ tán, mo máa ń gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń kọjú sí òkè Olósùnta, mo sì máa ń gbé fóònù lé orí itan mi. Ọmọ mi máa ń pè mí ní Sátidé. Nígbà mìíràn kì í pè. Mo fẹ́ sọ ìdí tí n kì í fi í bínú mọ́ bí kò bá pè, àti bí ó ṣe jẹ́ pé fún odindi oṣù mẹ́rin, èmi fúnra mi ni mo lé ohùn rẹ̀ kúrò nínú ilé yìí.

Òun nìkan ni Ọlọ́run fi jíǹkí èmi àti ọkọ mi, ní ọdún kẹtàdínlógún ìgbéyàwó wa. Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí, gbogbo ìjọ sì bá mi sunkún. Ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ láti kékeré, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo sì ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́, ní Emùré, kí n tó padà wálé sí Ìkẹ́rẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, láti orí ABD títí dé orí bí a ṣe ń kúnlẹ̀, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń dúpẹ́ fún un.

Ọmọ yìí wà ní ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Làákàyè rẹ̀ pé. Ó lè jókòó ti ohun tó bá wù ú láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀ láìjẹun. Ṣùgbọ́n yóò gbàgbé ọjọ́ ìdánwò. Yóò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó ṣe tán, yóò sì gbé e sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lọ sí kíláàsì. Ó sọ fún mi nígbà kan pé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, fáànù ni òun ń gbọ́, pé fáànù náà ń sọ̀rọ̀ ju ìbéèrè lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà sí i pé bí ó bá tún fìdí rẹmi, kí ó máa lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló wá lọ rí dókítà kan ní ọsibítù ní Adó. Ó pè mí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ́mì, dókítà ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré wá."

"Dókítà kí ni?"

"Dókítà ọpọlọ."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Mọ́mì, kì í ṣe wèrè o. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà."

"N kò sọ nǹkan kan."

"Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí."

Ó ṣàlàyé fún mi pé lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe nǹkan náà, ADHD, pé àwọn tó ní i kì í lè di ọkàn wọn mú sójú kan. Bí dókítà bá rí i dájú pé ó ti wà lára òun láti ìgbà èwe, yóò kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò sì fún òun ní àyè míì, ní yàrá tó parọ́rọ́ àti àkókò tó gùn díẹ̀ sí i. Bí kò bá rí i dájú, kò lè kọ nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ wá kù sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré.

A jọ lọ. Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ọ̀yọ́. Òyìnbó ni òun àti ọmọ mi ń sọ bí mo ṣe wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ewú orí mi, ó dìde, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì yí i sí Yorùbá. Ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mo máa ń rò ó títí di òní pé ká ní ó béèrè ní òyìnbó ni, bóyá ǹ bá dáhùn bí olùkọ́. Yorùbá ló fi béèrè, èmi náà sì dáhùn bí ọmọ ìyá mi.

"Màmá, báwo ló ṣe rí nígbà tó wà ní kékeré?"

"Ó gbọ́n. Ó yá mọ́ ènìyàn."

"Ṣé ó máa ń gbàgbé nǹkan? Ṣé ó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí?"

"Bí gbogbo ọmọdé ni."

Ọmọ mi yí ojú sí mi. Dókítà ṣí àwọn káàdì èsì ìdánwò tí ọmọ náà kó wá, ti kíláàsì kẹrin, karùn-ún àti kẹfà. Níwájú ìfetísílẹ̀, márùn-ún nínú márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta léra wọn.

"Àwọn káàdì yìí sọ pé ó ń fetí sílẹ̀ gan-an."

"Mọ́mì ló kọ wọ́n," ni ọmọ mi wí. "Àwọn ni tíṣà mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá béèrè ohun tó kù: "Màmá, ṣé irú nǹkan báyìí wà nínú ìdílé yín?"

"Kò sí nínú ulé wa."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Dókítà ní, "Ulé? Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí," ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. N kì í sọ "ulé" dípò "ilé" níta. Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ ní Emùré nítorí pé wọ́n kọ "uṣu" síbi tó yẹ kí wọ́n kọ "iṣu," ohùn inú ilé ni ohùn náà lẹ́nu mi, n kì í mú un jáde. Bí mo ṣe jókòó níbẹ̀, mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo dáhùn. Mo mọ ẹni tó dáhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí àbúrò bàbá ọkọ mi, obìnrin kan tó fara balẹ̀, wá láti Ògòtún láti wádìí ìdílé wa. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é nígbà náà, wọ́n ṣì ń ṣe é. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú omi nínú àwo. Obìnrin náà béèrè wèrè, ó béèrè wárápá, ó béèrè ẹ̀tẹ̀. Ìyá mi ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí. Obìnrin náà wá rọra ní, "Ẹ má bínú o, ìyá ìyàwó. A gbọ́ pé baálé yín máa ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ kò sí nílé."

"Kò sí nínú ulé wa," ni ìyá mi wí.

"Àwọn gan-an dà?"

"Wọ́n lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì."

Bàbá mi kò sí ní ìpàdé kankan. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti rán an lọ ra mínírà fún àlejò. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, àlejò ti lọ. Kò mú ìgò kankan lọ́wọ́. Ó ti bá ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pàdé lójú ọ̀nà, ó sì ti jókòó tì í. Ó sọ gbogbo bí wọ́n ṣe tú táyà ẹ̀yìn fún wa. Ìyá mi wò ó títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Mínírà ńkọ́?"

"Mínírà wo?"

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìgbàrà-Odò. Bí ó bá ń fọ́ kòkó lọ́wọ́, yóò rí i pé àtẹ tí a fi ń sá a ti ya. Yóò lọ gé ọparun láti tún un ṣe. Níbi ọparun yóò rí ojú ọ̀nà oyin, yóò sì tọ̀ ọ́ lọ. Kòkó yóò wà níbi tó wà, yóò sì hu. Síbẹ̀, bí iná bá sọ lóko, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí a ó ṣe. A ní ọ̀rọ̀ kan fún un nílé wa. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, ìyá mi á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ ti lọ oko." Bí ó bá wá ṣẹ́jú, tó rẹ́rìn-ín sí wa, a ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé orí ti dé?" Òun náà á ní, "Ó ti dé, ó gbé igi bọ̀."

Èmi náà, orí mi máa ń lọ oko. Ìyá mi so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ mi lọ́rùn títí mo fi di wúńdíá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ ìwádìí yẹn, ó pè mí sí yàrá, ó ní, "O ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Má ṣe sọ mí di òpùrọ́." Mo sì pa á mọ́. Ogójì ọdún ni mo fi pa á mọ́. Mo ń fi báírò kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ mi kì í mọ́. Nínú kíláàsì, n kì í jókòó, nítorí bí mo bá jókòó, orí mi á jáde lọ, àwọn ọmọ á sì máa wò mí. Mo ń jó ìkòkò. Bí ìkòkò bá ti jóná kọjá fífọ̀, mo máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sìnkú rẹ̀ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ kí ọkọ mi tó dé. Ẹni rere ni ọkọ mi, kì bá tí sọ nǹkan kan. Ó lọ láìmọ irú ẹni tó fẹ́. Mo gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún mi ní orí tó ń jókòó. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nígbà tí ọmọ mi wá dé, tí mo rí i ní ọmọ ọdún mẹ́fà tó dúró sí àárín yàrá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tó ti gbàgbé ìdí tó fi wọlé, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Báwo ni ǹ bá ṣe sọ ọ́? Ọmọ tí mo jẹ́rìí lé lórí níwájú ìjọ. Mo ń fi í jókòó níwájú tábìlì mi, mo ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí orí rẹ̀ bá ti lọ, mo sì ń kọ márùn-ún sínú káàdì.

Nínú takisí láti Adó lọ́jọ́ tí a lọ rí dókítà, ìgbà tí a rí àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́ ni ọmọ mi tó sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ purọ́."

"Èmi?"

"Ìkòkò mélòó ló wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ?"

N kò mọ̀ pé ó mọ̀. Obìnrin tó jókòó tì wá nínú mọ́tò yí ojú sí fèrèsé. Ọmọ mi sùn mọ́jú, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì, kò sì pè mí mọ́.

Mo ti rò pé mo mọ ìdáwà lẹ́yìn tí ọkọ mi lọ. N kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kú, a mọ ibi tí ó wà, a sì ní ìrètí. Ẹni tó wà láàyè tí kò pè, kò sí ibi tí a lè gbé ọkàn lé. Mo ń se oúnjẹ ẹni kan, ó ń ṣẹ́kù. Mo ń tan rédíò kí ohùn kan lè wà nínú ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n á ní, "Ìyá, ọmọ ńkọ́?" màá ní, "Ó wà, a dúpẹ́," màá sì tètè kọjá. Mo pè é, kò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó dáhùn pé, "Mo wà dáadáa, mà." Kò pè mí ní "mà" rí.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a kúnlẹ̀ fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí láti kékeré. Ẹnu mi ń kà á, orí mi sì lọ bí ó ṣe máa ń lọ. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé mi, abẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn ìkòkò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo ìjọ ṣe "Àmín," èmi ṣì wà lórí ìkòkò kẹta. Mo ti máa ń tọrọ àforíjì pé orí mi ń jáde nínú ìsìn. Lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó rán an níṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí Adó. Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́rú ni dókítà náà máa ń jókòó, pé wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù. Òótọ́ ni, mo kọ ọ́ sọ́wọ́, mo sì fi ọwọ́ náà fọ abọ́. Mo padà sí Ìkẹ́rẹ́. Mo tún lọ ní ọjọ́ kejì.

"Dókítà," ni mo wí, "ẹ bi mí ní ìbéèrè, mo fi ìdáhùn ìyá mi dá yín lóhùn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bàbá mi, kẹ̀kẹ́, mínírà, ìkòkò, àtẹ́lẹwọ́. Mo nawọ́ náà sí i. Báírò àná ṣì wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní ohun tí a ń pè ní àbùdá, tí ọmọ ń gbà lára bàbá àti ìyá, òun ló fà á jù. Kì í ṣe àbùdá kan ṣoṣo. Wọ́n pọ̀, wọ́n kéré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ kún un, ìdí sì nìyẹn tó fi lè wà lára bàbá, kó wà lára ọmọ, kó fo ọmọ míì. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó ní apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ló ń bá wa di nǹkan mú kó má baà bọ́, òun ló sì ń sọ fún wa pé kí a dúró, kí a kọ́kọ́ parí èyí. Ó ní àwọn èròjà kan wà tí apá kan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì, àti pé nínú irú wa, ìránṣẹ́ náà kì í lọ bó ṣe ń lọ lára àwọn ẹlòmíràn, àfi bí nǹkan bá wù wá gan-an.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í sì í ṣe pé ẹ kò tọ́ ọ dáadáa."

"Èmi ni mo fún un?"

"Ó ṣeé ṣe. Ó lè ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá náà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà tí yóò sọ fún wa. Ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n la fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn." Ó wá ní, "Ojú yín náà ló jogún. Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní kí ó kó àwọn káàdì wá kí n fagi lé márùn-ún orí wọn. Ó ní rárá, kí n kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀. Mo jókòó sí gbọ̀ngàn ìta, mo fi ọwọ́ olùkọ́ kọ ojú ìwé méjì nípa ọmọ kan ní kíláàsì kẹrin. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo tún yí ojú ìwé kejì padà, mo kọ ti bàbá mi àti tèmi sẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ Olúwa pé kí ó jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ọ ní ìsinmi rẹ̀ láìbínú. Bí mo ṣe ń jáde, dókítà béèrè bóyá mo fẹ́ kí wọ́n yẹ èmi náà wò. Mo ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Ó ní kí n ṣáà rò ó. Mo ṣì ń rò ó.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn èyí, fóònù dún lórí itan mi.

"Mọ́mì. Dókítà ti kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti gbà á."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

"Ó fún mi ní ohun tí ẹ kọ, mo kà á."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Títí kan ti mínírà. Ṣé bàbá àgbà padà rà á?"

"Títí ó fi kú, kò rà á."

Ó rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Mọ́mì? Gbogbo ìgbà tí ẹ ń fọwọ́ kàn mí léjìká yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni mo rí báyìí."

Ohun tí èmi náà rò nìyẹn láti kékeré, nínú ilé bàbá mi, nínú ilé ọkọ mi, àti nínú ilé yìí, tí èmi àti òun jọ ń sùn nínú yàrá kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dá wà lórí ẹní tirẹ̀.

Kì í wálé púpọ̀. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, ó sì ń gbìyànjú. Ihò tí irọ́ mi gbẹ́ sínú ọkàn rẹ̀ kò tíì dí tán, n kì í sì í fi ipá dí i. Sátidé tó kọjá, kò pè. Mo jókòó títí oòrùn fi kúrò lára Olósùnta. Ní ìgbà kan, ǹ bá ti gbà pé ó ti gbàgbé mi. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé orí rẹ̀ ti lọ oko ni, mo sì mọ ọ̀nà oko náà, mo mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí a tó rántí ilé. Mo wọlé, mo gbé ìkòkò kaná, mo gbé àga tì í, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ó fi hó.